Pẹ́nì Kan Lóṣù: Daniel O'Connell àti Agbára Àwọn Tálákà Írẹ́lándì

Ní oṣù Keje ọdún 1828, ní ìlú Ennis ní àgbègbè Clare, lápá ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì, àwọn àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lọ síbi ìdìbò. Kò sí ìbò ìkọ̀kọ̀ nígbà náà. Olùdìbò yóò dúró níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni tó ń yàn ní gbangba, kí onílẹ̀ rẹ̀ tàbí aṣojú onílẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá dárúkọ tí onílẹ̀ kò fẹ́ mọ̀ pé wọ́n lè lé òun, ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun kúrò lórí oko. Síbẹ̀, nígbà tí ìdìbò parí, Daniel O'Connell, agbẹjọ́rò ọmọ ìjọ Àgùdà tí òfin kò gbà láyè láti jókòó nílé aṣòfin, ní ìbò 2,057. William Vesey Fitzgerald, mínísítà ìjọba tó tún jẹ́ onílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bọ̀wọ̀ fún, ní 982. Kí ló mú ẹ̀rù kúrò lára àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn? Àwọn tó ń ròyìn O'Connell sábà máa ń yin ohùn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ dídùn ẹnu rẹ̀. Lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ dá a lẹ́nu, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ètò ló fi borí. Ó wá ọ̀nà tí tálákà tí kò ní nǹkan kan yóò fi di ẹni tí ìjọba ní láti kà kún. Ọ̀nà náà ní ààlà, ààlà náà sì hàn kí ó tó kú, ṣùgbọ́n àwọn ará Írẹ́lándì kò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

A ó lóye bí ìbò náà ti wúwo tó bí a bá mọ irú òfin tó wà nílẹ̀. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ìjọba ti ń ṣòfin lé àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà lórí ní Írẹ́lándì, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Wọn kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ ṣe agbẹjọ́rò, wọn kò sì gbọdọ̀ dìbò. Nígbà tó fi máa di 1793, wọ́n ti tú èyí tó pọ̀ jù nínú ìdè wọ̀nyí, wọ́n sì dá ẹ̀tọ́ ìdìbò padà fún àwọn tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí èrè rẹ̀ tó 40 ṣílè lọ́dún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àwọn ipò gíga ṣì wà ní títì: ọmọ ìjọ Àgùdà kò lè di adájọ́ àgbà, kò sì lè jókòó nílé aṣòfin, nítorí ìbúra tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ pe ìsìn Máàsì ní ìbọ̀rìṣà. Nígbà tí òfin ìsọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1801 pa ilé aṣòfin Dublin rẹ́, tí ó sì kó aṣojú 100 láti Írẹ́lándì lọ sí London, William Pitt tó jẹ́ olórí ìjọba mú kí wọ́n retí pé ilẹ̀kùn náà yóò ṣí. Ọba George Kẹta kọ̀ jálẹ̀, Pitt sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ìlérí náà wá wà nílẹ̀ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n láìṣẹ.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1775 ni wọ́n bí O'Connell nítòsí ìlú Cahersiveen ní àgbègbè Kerry. Ẹbí rẹ̀ wà lára ìwọ̀nba ọmọ ìjọ Àgùdà tí ọwọ́ wọn ṣì tẹ ilẹ̀. Maurice, arákùnrin bàbá rẹ̀ tó gbà á tọ́ ní Derrynane, kó ọrọ̀ jọ nípa òwò àti fàyàwọ́ lójú òkun. Nítorí pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga fún irú wọn nílé, ó rán ọmọ náà lọ sí ilẹ̀ Faransé, ní St Omer àti Douai. Oṣù Kìíní ọdún 1793 ni O'Connell sá kúrò níbẹ̀, ní àkókò gan-an tí wọ́n bẹ́ orí ọba Louis Kẹrìndínlógún. Nígbà tó di 1798, ọdún tí wọ́n gbà á wọ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Dublin, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Írẹ́lándì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ṣòfò ẹ̀mí láìrí òmìnira kankan gbà. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì yìí ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé títí ó fi kú: pé ẹ̀jẹ̀ tálákà ló máa ń kọ́kọ́ ṣàn bí wọ́n bá fa idà yọ, àti pé ìjọba tó ní ọmọ ogun máa ń dúpẹ́ bí alátakò rẹ̀ bá gbé ohun ìjà. Ní 1815, ó pa John D'Esterre nínú ìjà ìbọn láàárín ẹni méjì, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá ayé ìgbà náà fi ń yanjú ọ̀rọ̀ iyì. Ó kábàámọ̀ rẹ̀ gidigidi, ó sì ń fi owó ran ọmọbìnrin olóògbé náà lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kóòtù ló ti kọ́ iṣẹ́ tó lò nínú ìṣèlú. Ẹjọ́ kan tó wáyé nígbà tó yá fi iṣẹ́ náà hàn dáadáa: ní oṣù Kẹwàá ọdún 1829, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn ọkùnrin kan láti agbègbè Doneraile pé wọ́n dìtẹ̀ láti pa àwọn onílẹ̀. Wọ́n ti dájọ́ ikú fún àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá síwájú adájọ́ ní Cork. Ọkùnrin kan gun ẹṣin lọ sí Derrynane láti bẹ O'Connell. Ó gbéra, ó fi gbogbo òru rìn nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lórí ọ̀nà òkè, ó sì wọ kóòtù nígbà tí ẹjọ́ ẹ̀ẹ̀kejì ti ń lọ lọ́wọ́. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn adájọ́ kí òun jẹun níbẹ̀, ó sì ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú wàrà bí ó ti ń tako agbẹjọ́rò ìjọba. Nígbà tó bi àwọn ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu mọ́. Ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà kò lè fẹnu kò, ìjọba kò rí ẹ̀bi dá sí àwọn ìyókù lọ́rùn, wọ́n sì yí ìdájọ́ ikú àwọn ti àkọ́kọ́ padà. Ohun tí àgbẹ̀ rí nínú irú ẹjọ́ yìí ni pé òfin tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà á ní etí, ó sì ní ojú, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dúró tì í. Ìmọ̀ yìí ni O'Connell mú jáde kúrò ní kóòtù wá sí ìta gbangba.

Ní 1823, òun àti Richard Lalor Sheil dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọ Ìjọ Àgùdà sílẹ̀ ní Dublin. Níbẹ̀rẹ̀, gínì kan lọ́dún ni owó ẹgbẹ́, nítorí náà àwọn oníṣòwò, agbẹjọ́rò àti ọlọ́lá ló wà nínú rẹ̀, nígbà míì wọn kì í sì í pé iye tó lè ṣe ìpàdé. Ní 1824 ni O'Connell mú àbá kan wá tó yí gbogbo nǹkan padà: kí ẹnikẹ́ni tó bá ń san pẹ́nì kan lóṣù di ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn àlùfáà ń kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ, àwọn agbowó sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Máàsì. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, owó náà ti lé ní 15,000 pọ́n-ùn. Ẹgbẹ́ ń fi í gba agbẹjọ́rò fún ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, wọ́n ń fi í tẹ ìwé, wọ́n sì ń fi í ran àwọn tí onílẹ̀ bá lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iye owó yẹn kọ́ ni pàtàkì rẹ̀. Ẹni tó ti san pẹ́nì kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ìpín nínú ọ̀rọ̀ ìlú, orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà ní 1825. O'Connell ka òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rí ibi tó ti là, ó sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ tí òfin náà kò lè mú.

Ìdìbò Waterford ní 1826 ló kọ́kọ́ fi èso owó pẹ́nì hàn. Àwọn ará ilé Beresford ti ń jẹ gàba lórí agbègbè náà láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n àwọn olùdìbò oní-40-ṣílè kọ àṣẹ onílẹ̀, wọ́n dìbò fún Villiers Stuart, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó ṣèlérí láti ti àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà lẹ́yìn, Lord George Beresford sì fìdí rẹmi. Ní 1828, nígbà tí wọ́n fi Fitzgerald ṣe mínísítà, òfin ní kí ó padà lọ gba ìbò àwọn ará Clare. Fitzgerald kì í ṣe ọ̀tá àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà; ó ti ń dìbò fún ẹ̀tọ́ wọn nílé aṣòfin. Ìdí nìyí tí ìdìbò yẹn fi jinlẹ̀: kì í ṣe ènìyàn burúkú ni wọ́n ń lé, òfin burúkú ni wọ́n ń dán wò. O'Connell rí i pé òfin kò sọ pé ọmọ ìjọ Àgùdà kò gbọdọ̀ díje. Jíjókòó nílé aṣòfin ni ìbúra náà dí. Ó bá díje. Àwọn àlùfáà ṣíwájú àwọn ọmọ ìjọ wọn wọ Ennis, àwọn àgbẹ̀ búra pé àwọn kò ní fi ọtí kan ẹnu títí ìdìbò yóò fi parí, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì kún ìlú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsí ìjà. Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí ló ba ìjọba lẹ́rù jù. Ìjọba mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí àwọn onírúkèrúdò; wọn kò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí àwọn tó tò dìbò, tí wọ́n sì padà sílé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wellington ni olórí ìjọba, Robert Peel sì ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Àwọn méjèèjì ti tako ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i nísinsìnyí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Clare lè ṣẹlẹ̀ ní gbogbo Írẹ́lándì nígbà ìdìbò gbogbogbò, àti pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí aráàlú yàn, ogun abẹ́lé lè bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n yí ohùn padà. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹrin ọdún 1829, òfin tó gba àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà wọ ilé aṣòfin di ṣíṣe. Peel pàápàá fi àga rẹ̀ ní Oxford sílẹ̀ kí ó lè tún gba ìyọ̀ǹda àwọn olùdìbò, ó sì fìdí rẹmi. Àwọn kan lè sọ pé ìjọba ṣe ìyẹn nítorí pé àsìkò ti tó, pé O'Connell kàn bá ilẹ̀kùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ní oṣù Karùn-ún ọdún 1828, ilé aṣòfin kékeré ti fi ìyàtọ̀ ìbò mẹ́fà péré fara mọ́ àbá náà. Ṣùgbọ́n irú àbá bẹ́ẹ̀ ti yege nílé aṣòfin kékeré ní 1825, tí ilé àwọn ìjòyè sì dà á nù. Ohun tó yàtọ̀ ní 1829 ni Clare. Ilẹ̀kùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fún ọdún mẹ́ta láìṣí nílò ẹni tí yóò tì í.

Àtakò tó wúwo ju èyí lọ wà. Lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n buwọ́ lu òfin yìí ni wọ́n buwọ́ lu òmíràn tó gbé òdiwọ̀n ẹ̀tọ́ ìdìbò ní àwọn agbègbè Írẹ́lándì láti 40 ṣílè sí 10 pọ́n-ùn. Iye olùdìbò já wálẹ̀ láti nǹkan bí 216,000 sí nǹkan bí 37,000. Àwọn tó fi oko wọn wéwu ní Waterford àti Clare gan-an ni wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ wọn, àwọn agbẹjọ́rò àti oníṣòwò ló sì rí àga jókòó. O'Connell ti fara mọ́ irú pàṣípààrọ̀ yìí ní 1825, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe ni. Ní 1829, ó takò ó, ṣùgbọ́n kò fi gbogbo agbára rẹ̀ jà á. Mi ò rò pé a lè wẹ̀ ẹ́ mọ́ nínú èyí. Gbèsè ni, kò sì san án tán. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìwà ìjọba fi hàn ẹni tí wọ́n bẹ̀rù. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́lá nítorí wọn kò ka ọlọ́lá sí ewu; ìbò àgbẹ̀ ni wọ́n sáré gbà, nítorí pé O'Connell ti fi hàn wọ́n pé ibẹ̀ ni agbára wà.

Nígbà tó wọ ilé aṣòfin ní 1830, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó fi iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó ń mú owó ńlá wá sílẹ̀, owó tí aráàlú ń dá fún un lọ́dọọdún ló sì fi ń gbé. Ní 1832, aṣojú 39 wọlé lórí ìlérí pé àwọn yóò fagi lé òfin ìsọ̀kan, kí Dublin lè ní ilé aṣòfin tirẹ̀ padà. Nígbà tó gbé àbá náà wá ní 1834, ìbò 523 takò ó, 38 péré ló tì í lẹ́yìn. O'Connell ka ìṣirò yẹn dáadáa. Ó bá ẹgbẹ́ Whig ṣàdéhùn ní 1835: yóò máa gbé ìjọba wọn ró, wọn yóò sì máa ṣàtúnṣe ní Írẹ́lándì. Àdéhùn náà so èso: Thomas Drummond, òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba ní Dublin, kọ̀ láti máa fi ọmọ ogun gba owó fún àwọn onílẹ̀; wọ́n dín ìnira ìdá mẹ́wàá tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń san fún ìjọ tí kì í ṣe tiwọn kù ní 1838; òfin 1840 sì tún ètò ìjọba àwọn ìlú ńlá ṣe. Ní 1841, O'Connell di olórí ìlú Dublin, ọmọ ìjọ Àgùdà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà láti ayé ọba James Kejì. Àwọn kan pe gbogbo èyí ní èérún. Fún àgbẹ̀ tí ọmọ ogun kò fọ́lẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, kì í ṣe èérún.

Ó mọ̀ pé owó ni ẹ̀mí ẹgbẹ́, síbẹ̀ owó kan wà tó kọ̀. O'Connell wà lára àwọn tó jà nílé aṣòfin kí wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní 1833, kò sì dákẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn ọdún yẹn gan-an ni ogun tó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń sọ àwọn ọmọ Yorùbá sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Kúbà àti Brazil, nítorí náà ìjà tó ń jà kan àwọn baba wa. Nígbà tí àwọn ará Írẹ́lándì tó wà ní Amẹ́ríkà ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kéde pé òun kò fẹ́ owó tí ẹ̀jẹ̀ ẹrú wà lára rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti Írẹ́lándì fi bẹ àwọn ará wọn lókè òkun pé kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tako oko ẹrú. Àwọn ẹ̀ka kan ní gúúsù Amẹ́ríkà bínú tú ká. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1845, Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú, gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Dublin, wọ́n sì pe òun náà kí ó sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sọ pé O'Connell máa ń fi ìlànà ṣòwò ní láti dáhùn sí èyí.

Ìdánwò tó tóbi jù dé ní 1843. Whig ti kúrò lórí oyè, Peel ló ń ṣèjọba, O'Connell sì padà sọ́dọ̀ ogunlọ́gọ̀. Ó ń ṣe ìpàdé kiri gbogbo Írẹ́lándì láti béèrè kí wọ́n fagi lé òfin ìsọ̀kan. Ti òkè Tara ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ pọ̀ débi pé àwọn oníwèé ìròyìn ń sọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye. Èyí tí yóò kẹ́yìn ni ti Clontarf, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá, níbi tí Brian Boru, ọba Írẹ́lándì ayé àtijọ́, ti ṣẹ́gun ní 1014. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣíwájú rẹ̀ ni ìjọba fòfin dè é, tí ọmọ ogun àti ọkọ̀ ogun ti wà ní sẹpẹ́. O'Connell rán àwọn ẹlẹ́ṣin sójú ọ̀nà láti dá àwọn ènìyàn padà, wọ́n sì padà. Kò sí ẹni tó kú. Ìjọba tún mú un, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ti yọ gbogbo ọmọ ìjọ Àgùdà kúrò nínú rẹ̀ dá a lẹ́bi, ó sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́wọ̀n ní 1844 kí ilé àwọn ìjòyè tó fagi lé ìdájọ́ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn The Nation, bí Thomas Davis àti Charles Gavan Duffy, rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Clontarf bí ìtìjú, àwọn púpọ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀ di òní. Wọ́n ní ẹni tó ń halẹ̀ tí kò ní ṣe é ti fi àṣírí ara rẹ̀ hàn. Mo gbà pé ìhalẹ̀ O'Connell kò ní agbára mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. Ní 1828, ìdajì ilé aṣòfin wà lẹ́yìn ohun tó ń béèrè. Ní 1843, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú Gẹ̀ẹ́sì ló ta kò ó. Ogunlọ́gọ̀ tí kò gbé ohun ìjà lè ti ìjọba tó ń ṣiyè méjì. Kò lè ti ìjọba tó fìmọ̀ ṣọ̀kan. Àṣìṣe O'Connell ni pé kò tètè rí ìyàtọ̀ yìí, kì í ṣe pé kò jẹ́ kí ìbọn pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1846. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn gbé ohun ìjà ní 1848, wákàtí díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ fi parí nítòsí Ballingarry. Ẹnì kan lè ní ohun ìjà ló padà gba òmìnira fún Írẹ́lándì lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1916. Kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó fún àwọn jagunjagun yẹn láṣẹ láti sọ pé àwọn ń sọ̀rọ̀ fún ìlú ni ìdìbò 1918, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú Sinn Féin ti gba àga 73 nínú 105. Ọ̀nà Clare ni wọ́n gbà débẹ̀.

Ìbànújẹ́ ìkẹyìn O'Connell kì í ṣe Clontarf. Ní 1845, àrùn kọlu ọ̀dùnkún tí àwọn tálákà Írẹ́lándì fi ń ṣe oúnjẹ òòjọ́, ìyàn sì mú ní ilẹ̀ tí ènìyàn ibẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan kú, nǹkan bí mílíọ̀nù kan sì sá lọ sókè òkun. Ní oṣù Kejì ọdún 1847, ó dìde ní ilé aṣòfin London fún ìgbà ìkẹyìn. Ohùn tó ti ń dún dé etí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní gbangba ti kéré débi pé àwọn tó jókòó nítòsí nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ó bẹ̀ wọ́n pé Írẹ́lándì wà lọ́wọ́ wọn, ó sì kìlọ̀ pé bí wọn kò bá gbà á, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò ṣègbé. Ó kú ní Genoa ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún ọdún náà, bí ó ti ń lọ sí Róòmù. Wọ́n gbé ọkàn rẹ̀ lọ sí Róòmù, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wá sílé sí itẹ́ òkú Glasnevin. Àwọn tó ń sọ pé ìyàn yẹn fi hàn pé òfin àti ìbò kò wúlò ń ka ìtàn náà sódì. Ohun tó fi hàn ni ewu tó wà nínú kí ẹlòmíràn máa ṣèjọba lórí ẹni láti ọ̀nà jíjìn, ìdí yìí gan-an ni O'Connell sì fi ń béèrè ilé aṣòfin fún Dublin.

Bí a bá fẹ́ díwọ̀n olóṣèlú, kò tó ká ka àwọn òfin tó ṣe. Ká béèrè ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn kò lè ṣe kí ó tó dé. Ṣáájú 1824, àgbẹ̀ Írẹ́lándì tó bá ń bínú ní ọ̀nà méjì: kí ó dákẹ́, tàbí kí ó lọ dáná sun àká onílẹ̀ lóru. Lẹ́yìn O'Connell, ó ní ẹ̀kẹta. Nígbà tí Michael Davitt àti Charles Stewart Parnell gbé ìjà ilẹ̀ kalẹ̀ ní 1879, ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní ìletò kọ̀ọ̀kan, owó kékeré láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àlùfáà lórí ìjókòó ìpàdé, àti aṣojú ní London tó ń sọ ohun tí ẹgbẹ́ rán an, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n bá nílẹ̀. Ìjà yẹn ló padà sọ ayálégbé di ẹni tó ni oko tó ń ro. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ wọn ní 1829 wà lára àwọn tó jèrè rẹ̀, ọ̀nà pẹ́nì kan lóṣù ni wọ́n sì gbà dé ibẹ̀.